Fìlà Òjò

Ní Chiloé, a kì í béèrè bóyá òjò yóò rọ̀.
Irú èyí tí yóò rọ̀ là ń béèrè:
ti ẹlẹ́sẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tó ń yọ́ wọ ọrùn ẹ̀wù bí ọwọ́ ọmọdé,
tàbí ti afẹ́fẹ́ òkun, tó ń rọ̀ láti ẹ̀gbẹ́,
tó ń lu ògiri pákó bí agbowó-orí ṣe ń lu ilẹ̀kùn.

Ọmọ mi Otilia ló ń tọ́jú àgùntàn ilé onílé.
Alùpùpù pupa, abẹ́rẹ́ nínú àpò awọ,
àti ẹ̀rọ atọ́nà kan níwájú rẹ̀, kò tó ìlàjì búrẹ́dì,
tó ń fi ohùn obìnrin Madrid sọ pé, "Yà sọ́tùn-ún."
Mo fi í rẹ́rìn-ín títí.
Èmi tí mo kan ọkọ̀ ojú omi fún ogójì ọdún,
tí mo fi imú mọ ọ̀nà Quellón nínú kùrukùru,
mo ní, "Ta ni ìyá yìí? Ìgbà wo ló dé erékùṣù wa?"

Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀tá, ẹni eji rí leji ń pa.
Lóru ọjọ́ kan nínú oṣù Keje, eji rí ẹ̀rọ.
Ojú rẹ̀ funfun, ohùn rẹ̀ pa ní ìkóríta.
Otilia yà síbi tí kò yẹ,
etí òkun ló bá ara rẹ̀,
omi tó ń kún ti ń lá táyà ẹ̀yìn.
Aago mẹ́ta ló wọlé. Kò sọ nǹkan kan.
Ó bọ́ bàtà, ó da omi inú rẹ̀ síta,
ó tẹ́ ẹ̀rọ náà sínú ìrẹsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò,
bí ẹni tẹ́ aláìsàn.

Ilẹ̀ mọ́, mo wá ọ̀bẹ.

Ike bọ́tà ni mo kọ́kọ́ gé.
Ó dé e pẹ́ú, omi ò ráyè wọlé,
ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ń gbóná, ó ń mí,
kò pẹ́ tó fi làágùn, a ò rí ojú rẹ̀ mọ́.
Ilé tí kò ní fèrèsé, òógùn ni onílé yóò fi wẹ̀.
Mo fi ike náà bu omi fún adìẹ.

Ẹ̀kejì, aṣọ ìbora ọkọ̀ ìpẹja.
Ó yi, ó ń rùn bí ẹja,
ìka ò lè tẹ ẹ̀rọ látòkè rẹ̀.
Otilia wò ó:
"Bàbá, pósí lẹ kàn."

Yasna, ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́jọ,
ló bó èèpo ike kúrò lára ìwé ìṣirò rẹ̀,
ó tẹ́ ẹ síwájú mi, ó bá tirẹ̀ lọ.
Ó mọ́ gaara. Eéje kan ṣì lẹ̀ mọ́ igun rẹ̀ ní íńkì búlúù.
Mo fi okùn ìgbòkun rán an,
mo fi rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ ṣe ìdè,
mo fi ìda oyin dí ojú abẹ́rẹ́,
mo yọ etí sí i níwájú kó lè gbọn omi dànù,
mo sì ṣí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ìka méjì, kó lè mí.
Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ọwọ́ tó ti dí ihò ọkọ̀ ńláńlá
ń bẹ ike ìwé ìṣirò.

Lánàá, Otilia da garawa omi lé e lórí.
"Yà sọ́tùn-ún," ni obìnrin Madrid wí, láìwúkọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀tún tó ń wí yẹn,
afárá ibẹ̀ ti já láti ìgbà ẹ̀rùn.
Mo lè fi ike bo ẹ̀rọ, n ò lè fi ojú sí i.
Mo bá mú kálámù, mo kọ ọ́ sétí fìlà:
AFÁRÁ TI JÁ. GBA Ẹ̀YÌN ṢỌ́Ọ̀ṢÌ.

Ní báyìí, òjò ẹ̀gbẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.
Yasna ń ṣe ìṣirò nínú ìwé tí kò léèpo.
Àgùntàn kan ń rọbí lọ́nà Chonchi,
ìyá rẹ̀ ti gbéra lọ bá a.
Mo fi igi kún ààrò.
Mo tún gé rọ́bà kan sílẹ̀, bóyá.